Màmá Dá-a-Padà, Ẹni Tó Kọ̀ Kí Àjọ̀dún Fíìmù Di Ààtàn

Ọdún 1949 ni a bí Màmá, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù atúnaagoṣe, ní òpópónà tóóró kan tó kún fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Bàbá tó bí wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá bàbá wọn ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ìyá wọn jẹ́ alágbàfọ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ bí ẹni mọ owó, ẹni tó ń fọ aṣọ àwọn dókítà àti ti àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìtòsí, tó ń lọ̀ ọ́ títí ọrùn ẹ̀wù yóò fi gan bíi pákó. Ìdílé tí kì í ju nǹkan nù ni. Bí aago bá kú tí kò ṣeé jí mọ́, bàbá Màmá yóò tú u palẹ̀, yóò kó irin inú rẹ̀ sínú agolo, yóò máa fi tún aago mìíràn ṣe. Omi tí ìyá Màmá bá fi ṣan aṣọ, òun náà ni wọn yóò fi fọ àtẹ̀gùn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń béèrè ibi tí Màmá ti kó orí kunkun wọn, kó má wulẹ̀ jìnnà. Inú ilé ni.

Ẹbí ló ní kí àkọ́bí wọn obìnrin kọ ìtàn yìí, nítorí pé òun ni ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nínú àwọn ọmọ. Ó ti búra pé òun kò ní bù mọ́ ọn. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti kà á, wọ́n ní díẹ̀ ló bù mọ́ ọn.

Ní ọdún 1955, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí wọn pé, ọwọ́ wọn yá níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn mú. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn sọ fún òbí wọn pé ọmọ yìí yóò di adájọ́ ni, tàbí kó di wàhálà. Màmá fẹ́ràn láti máa fi ẹ̀rín parí ìtàn náà pé, “Ẹ sáà ti rí i pé mi ò di adájọ́.” Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 1967, wọ́n kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó dára.

Ní 1971, gbọ̀ngán sinimá tó tóbi jù láàárín ìgboro gbà wọ́n síṣẹ́. Ìdí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde ni Màmá wà, nínú yàrá kékeré kan lókè, tó móoru bí inú ààrò, tí fèrèsé rẹ̀ kò ju ojú ìwé kan lọ. Láyé ìgbà yẹn, inú agolo pẹrẹsẹ ni fíìmù máa ń wà dé. Bí ó bá já láàárín eré, ọ̀dọ̀ Màmá ni ariwo àti ìfé àwọn òǹwòran yóò kọ́kọ́ dé. Wọn yóò gé e, wọn yóò so ó, eré yóò sì máa lọ. Wọn kì í jókòó bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.

Ibẹ̀ ni Bàbá, ẹni tó wá di ọkọ wọn, ti pàdé wọn. Bàbá jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Fíìmù kan wà tí Tíṣà wò, wò, wò, débi pé wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ tó kàn kí òṣèré tó la ẹnu. Lọ́jọ́ kan tí fíìmù náà já, Tíṣà gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá ẹ̀rọ láti lọ bínú.

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó jẹ́ ibi tó dùn jù ló já?”

“Ẹ̀yin lẹ já a. Ẹ ti wò ó gbó.”

Ìbínú di ẹ̀rín, ó di ìbẹ̀wò, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní 1974. Bàbá kó ìwé, kẹ̀kẹ́ kan, àti ife tánńganran búlúù kan wọ ilé ìyàwó. Ẹnu ife náà ti bó káàkiri, ìdí rẹ̀ ti dúdú, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá kò fẹ́ràn ife yìí rárá. Wọ́n gbé e pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, Bàbá yọ ọ́. Wọ́n tì í sínú àpótí, Bàbá wá a rí. Nígbà tó yá, Bàbá gbé e lọ sí yàrá àwọn olùkọ́ níléèwé, kí àlàáfíà lè jọba.

Ní ọdún 1983, gbọ̀ngán sinimá náà dá àjọ̀dún fíìmù sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fíìmù wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń fi iṣẹ́ wọn han ará ìlú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, nínú gbọ̀ngán àti ní gbangba ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ìdí ẹ̀rọ ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di 1998, àwọn ni ọ̀gá tó ń bójú tó gbogbo ètò àjọ̀dún: àga, iná, omi, àlejò, ọkọ̀, ohun gbogbo. Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù kò kúrò lọ́rùn wọn. Iṣẹ́ náà ni ayé wọn. Bàbá máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ pé, “Ẹ má dán an wò kí ẹ ní kó yan nínú èmi àti àjọ̀dún yẹn o.”

Àjọ̀dún náà lókìkí, ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ Màmá lọ́kàn. Lọ́dọọdún ni ìgbìmọ̀ tó wà lórí àjọ̀dún ń ra kápẹ́ẹ̀tì pupa tuntun fún ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n á sì gé e dànù ní òpin ọ̀sẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tẹ bánà tuntun, nítorí pé ọdún tó kọjá ló wà lára ti àtijọ́. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ń bú ramúramù lẹ́yìn gbọ̀ngán, èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá àwọn aládùúgbò. Omi inú ike ni gbogbo àlejò ń mu. Wọ́n á mu ún dé ìdajì, wọ́n á fi sábẹ́ àga, wọ́n á tún lọ mú òmíràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ọkọ̀ akólẹ̀ yóò wá, kò sì ní lè kó o tán lẹ́ẹ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, Màmá dúró ti òkìtì náà, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní, “Fíìmù la pe àwọn èèyàn wá wò. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ààtàn là ń kó jọ?”

Láti ọdún 2004, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tún nǹkan ṣe. Kápẹ́ẹ̀tì di ẹyọ kan ṣoṣo, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbọ̀n, tí wọ́n ń ká, tí wọ́n ń gbé pamọ́. Bánà kò ní ọdún lára mọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ fárígá pé àlejò kò ní mọ ọdún tí a wà, Màmá ní ẹni tí kò bá mọ ọdún tó wà, bánà kọ́ ló máa gbà á. Sólà dé orí òrùlé gbọ̀ngán, ó ń fún bátìrì lágbára lọ́sàn-án kí bátìrì lè gbé fíìmù ìta nírọ̀lẹ́. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, àwọn aládùúgbò sì rímú mí. Àlejò tó bá lè wọ ọkọ̀ ojú irin, Màmá kò ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún un. Òṣèré ńlá kan ráhùn pé láti kékeré òun kò wọ ọkọ̀ ojú irin mọ́. Màmá ní ó mà ti pẹ́ jù. Òṣèré náà wọ̀ ọ́ wá, ìtàn ọkọ̀ ojú irin ló sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn títí àjọ̀dún fi parí.

Omi ló kù, omi ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta omi inú ike wà lára àwọn onígbọ̀wọ́ àjọ̀dún. Alága ìgbìmọ̀, lọ́yà àgbà tí kì í fẹ́ wàhálà, kò fẹ́ kí wọ́n bínú lọ. Màmá rọ Alága títí ó fi gbà pé kí wọ́n dán an wò ní ọdún 2008: omi inú àgbá ńlá tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu, àti ife tí wọn yóò máa fọ̀, tí wọn yóò tún máa lò. Ibí yìí ni Màmá ti ṣe àṣìṣe. Inú wọn dùn jù. Wọ́n lọ ṣe ife funfun tó ń dán, wọ́n ya ẹ̀rọ sinimá sí i lára, wọ́n sì kọ ọdún náà sábẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà. Àwọn tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọdún sára bánà o! Bàbá gbé ife náà sókè, wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ife yìí mà dára jù.” Màmá rò pé oríyìn ni.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn àlejò mu omi, wọ́n yin ife, wọ́n sì gbé e lọ sílé. Ta ló máa rí ohun tó rẹwà báyẹn, tó ní àwòrán àti ọdún lára, tí kò ní rò pé ẹ̀bùn ìrántí ni? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn bàsíà tí wọ́n fẹ́ fi fọ ife ṣófo. Ìyàwó Alága fúnra rẹ̀ gbé mẹ́fà. Ó tún padà wá dúpẹ́.

“Ẹ kú ìnáwó o. Ife yín wuyì gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣì kù? Àbúrò mi náà ń fẹ́.”

Màmá ń wò ó, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Màmá, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Òùngbẹ ń gbẹ èrò, ife kò sí, ni àwọn òṣìṣẹ́ bá sáré lọ ra ife ike àmùdànù káàkiri ìgboro. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, òkìtì pàǹtí ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Awakọ̀ ọkọ̀ akólẹ̀ kí Màmá kú iṣẹ́.

Alága pe ìpàdé. Ó ní omi inú ike ń padà bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ ọ́ mọ́. Màmá bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan péré sí i. Nígbà tí ojú Alága kò rọ̀, Màmá bọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù lọ́rùn, wọ́n gbé e sórí tábìlì níwájú rẹ̀. “Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Tó bá tún bàjẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò gbà á mọ́, ẹ wá ẹlòmíràn.” Alága gba kọ́kọ́rọ́, ó sì gbà fún wọn. Àwọn tó mọ Màmá dáadáa mọ̀ pé ayé wọn ni wọ́n gbé kalẹ̀ yẹn.

Nílé, oúnjẹ kò wọlé fún Màmá. Ojú tì wọ́n débi pé wọn kò lọ sí ìsìn, nítorí pé ife funfun náà wà nílé ọ̀pọ̀ àwọn ará ìjọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá, tó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, jókòó tì wọ́n, wọ́n ń mu tíì nínú ife búlúù àtijọ́ yẹn. Màmá fojú burúkú wo ife náà.

“Ife yìí ò tíì kú?”

“Kí ló fẹ́ pa á?”

“Ṣebí ẹ ní wọ́n máa ń jí ife gbé ní yàrá àwọn olùkọ́ yín.”

“Wọ́n jí ti gbogbo wa. Wọ́n jí ti ọ̀gá iléèwé pàápàá. Àmọ́ ta ló máa jí èyí? Ìwọ náà wò ó dáadáa.”

Màmá gba ife náà, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n dìde, wọ́n wá bàtà wọn.

Láti ọjọ́ náà, ilé dé ilé ni, ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, Màmá ń tọrọ ife tó burú jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, ẹ má tan ara yín. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ayé mọ̀ pé irú ife bẹ́ẹ̀ wà nílé òun. Àwọn ìyàwó ilé ń gbé ife tí wọ́n fi ń ṣàlejò jáde, Màmá ń kọ̀ ọ́: “Rárá o, èyí ti dára jù. Èyí tẹ́ ẹ fi ń bu ọṣẹ dà?” Aránṣọ kan bínú, ó ní ṣé òun ni Màmá fẹ́ fi ṣẹ̀sín ni. Pásítọ̀ kó àwọn ife ìjọ tí ọwọ́ wọn ti ré dànù wá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, Bàbá gbé ife búlúù lé e lórí.

“Ẹ̀yin náà?” ni Màmá wí.

“Tí n bá ti fún ẹ ní tèmi, ta ló tún lè ṣahun tiẹ̀ sí ẹ?”

Àjọ̀dún ọdún 2009 dé. Alága wọlé, ó rí tábìlì omi, ó fọwọ́ bojú. Ife oríṣiríṣi, èyí tó fì sápá kan, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti bó, èyí tó dà bíi pé ajá ti fi ṣeré rí. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi ife wéra, ẹni tí tirẹ̀ burú jù ló ń yangàn. Olùdarí fíìmù kan tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé ní òun kò ní mumi àfi bí wọ́n bá fún òun ní búlúù. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kígbe mọ́ gbogbo ẹni tó bá ń jáde lọ, “Dá a padà!” Wọn kò wo ojú olówó, wọn kò wo ojú òṣèré. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ wọn. Kò sì sẹ́ni tó gbé ife kankan lọ sílé. Kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ọkọ̀ akólẹ̀ dé bí ìṣe rẹ̀. Awakọ̀ wo ẹ̀yìn gbọ̀ngán, àpò kékeré bíi mélòó kan ló rí. Ó wo òpópónà bóyá òun ló ṣìnà. Ó wá bá Màmá àti Alága níbi tí wọ́n dúró sí, ó fajú ro, ó bọ́ fìlà.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò gbọ́ rárá pé ẹ ò ṣe é lọ́dún yìí.”

Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó dákẹ́, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó sì fi lé Màmá lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà kò kúrò lọ́rùn wọn mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2019.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹbí fọ́nnu díẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn àjọ̀dún fíìmù mìíràn ti ń rán èèyàn wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ìwé, tó mọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọ ife kí Màmá tó dá wọn lóhùn. Àjọ kan fẹ́ fún Màmá ní àmì ẹ̀yẹ, ó ní kí wọ́n wọ bàálù wá gbà á. Màmá ní, “Ṣé kí n da èéfín sójú ọ̀run, kí n lè lọ gba ẹ̀bùn pé mi ò fẹ́ èéfín?” Orí fídíò ni wọ́n ti gbà á, nínú pálọ̀ wọn, pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Wọ́n tún béèrè bóyá ẹni tó ṣe àmì ẹ̀yẹ náà lè pa orúkọ àwọn rẹ́, kó fún ẹlòmíràn lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Nínú ìgbàgbọ́, Màmá dúró gbọn-in. Wọ́n kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ láti ìgbà ọ̀dọ́ títí ohùn wọn fi ń gbọ̀n. Wọ́n ní Ẹlẹ́dàá kò dá ayé fún ìdọ̀tí, ẹni tó bá sì ju ọ̀rá súìtì sábẹ́ àga ìjọ máa ń gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. Ní àdúgbò, Màmá ló dá ẹgbẹ́ tí àwọn ará òpópónà fi ń yá ara wọn ní àkàbà, òòlù àti ìkòkò ńlá sílẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó dá a padà, yóò rí Màmá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ní ọdún 2024, àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. Wọ́n pe àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbi ibùsùn, wọ́n ní, “Ẹ má tẹ àwòrán mi sára ike fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ má sì ra nǹkan tí ò ní níṣẹ́ tó máa ṣe lọ́jọ́ kejì.” Lẹ́yìn tí Màmá sùn nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ lórí ètò ìsìnkú. Ọmọ kejì, òṣìṣẹ́ báǹkì, ní ayé yóò sọ pé ahun ni àwọn, pé ìyá tó ṣe bẹbẹ báyìí, àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè náwó lé e lórí. Àkọ́bí tó ń kọ ìtàn yìí gbè é lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bàbá ló parí rẹ̀. Bàbá ní, “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá yín ṣe nǹkan tó rẹwà nítorí kí wọ́n lè yìn ín, ojú ẹ̀ sì rí màbo. Ṣé ẹ tún fẹ́ ṣe é fún un ni?”

Nítorí náà, kápẹ́ẹ̀tì pupa tí ẹ gbà wọlé lónìí, ti àjọ̀dún ni, yóò sì padà síbẹ̀. Àwọn òdòdó wọ̀nyí wà nínú ilẹ̀ wọn, ẹbí yóò gbìn wọ́n. Bánà ẹnu ọ̀nà kò ní orúkọ, kò ní ọdún, “Ẹ káàbọ̀” nìkan ló wà lára rẹ̀. Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí, ẹ fi han ẹni tó jókòó tì yín, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lórí àga fún àwọn ìbátan tí kò tíì dé. Ọdún kún inú rẹ̀, Màmá ì bá sì bínú. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n dé àti ọdún tí wọ́n lọ, tiwọn nìkan ni. Kò sẹ́ni tí ẹbí tún lè lò ó fún.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ sáyé ni ọkọ wọn, Bàbá Tíṣà, àkọ́bí wọn obìnrin, tó jẹ́ akọ̀ròyìn, ọmọkùnrin wọn, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì, àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin, tó wà nídìí ẹ̀rọ ní gbọ̀ngán sinimá náà títí di òní, àbúrò wọn ọkùnrin, tó ṣì ń tún aago ṣe ní ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, àwọn àna, ọmọ-ọmọ méje, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ń rá kòrò, àti gbogbo ẹ̀yin tí Màmá ti kígbe mọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń mumi lọ́wọ́, ife àjọ̀dún lẹ fi ń mu ún, ife búlúù náà sì wà nínú wọn. Àwọn ọmọ fẹ́ gbé e pamọ́ fún ìrántí, Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí, tí wọ́n nù ún, tí wọ́n gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú àwọn yòókù. Wọ́n ní Màmá kò fẹ́ ife tó ń jókòó lásán. Ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́, kó má kánjú, kó mu omi rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, kó gbé e tọ Bàbá lọ níbi tí wọ́n jókòó sí níwájú, kó dá a padà sí wọn lọ́wọ́.

Ẹ sùn re o, Màmá Dá-a-Padà. Ilẹ̀ tí ẹ kò jẹ́ kó dọ̀tí, kó rọ̀ yín lọ́rùn.